Igi Tí Verna Fẹ́ Dé

Kò sọ́mọ ilé ìwé kan ní ìlú kékeré wa ní ìpínlẹ̀ Montana l'Amẹ́ríkà tí kò mọ Verna Lindqvist, torí òun ló ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún wọn. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, á de pátákó síkí mọ́ ẹsẹ̀ bíi ti gbogbo wa, á máa yọ̀ lórí yìnyín bọ̀ láti orí òkè. Kò mọ̀ ọ́n jù, kò sì kúkú burú. Ojú ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ ni tirẹ̀. Ibi tí yìnyín bá ti di òkìtì-òkìtì, tàbí tí ọ̀nà bá ti já sáàárín igi, ó fi í sílẹ̀ fún Orrin ọkọ rẹ̀.

Àwa tí a ń síkí ní ọ̀rọ̀ kan: "Kò sí ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ yìnyín tuntun." Ẹ̀fẹ̀ ni o. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé, a ò ní dúró dè é. Ṣùgbọ́n inú igi ò gba ẹ̀fẹ̀. Tí yìnyín bá pọ̀, kòtò máa ń wà nídìí igi, yìnyín rírọ̀ á sì bò ó. Ẹni tó bá forí sọ ibẹ̀ kò lè dá jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọgbó ní méjì-méjì. Ọ̀kan á kígbe "Hóò!", èkejì á dáhùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ burúkú kan, Orrin dúró lẹ́nu igbó.

"Verna, máa bọ̀ jàre. Mi ò ní sáré."

"Kí n lọ forí gbá igi? Máa lọ, ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé kò sí ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ yìnyín tuntun."

Orrin rẹ́rìn-ín, ó wọgbó lọ. Verna gba ojú ọ̀nà, ó lọ dúró nídìí òpó pupa níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé. Ó dúró títí, kò rí i. Ó rò pé Orrin ti yí lọ gun àga orí wáyà tó ń gbéni gòkè, kó lè tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún un rí. Inú bí i. Kò kígbe pè é, ó lọ mu kòkó gbígbóná tirẹ̀. Ọ̀sán ni wọ́n tó fa òkú Orrin jáde nídìí igi. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni Verna ń fẹ́: kó dé ìdí igi náà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé kí yìnyín yọ́, kó fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó kọ̀.

"Ọ̀nà tí Orrin gbà lọ ni mo fẹ́ gbà lọ."

Rollie Bergum, ọ̀rẹ́ Orrin láti kékeré, wà lára àwọn tó wa òkú náà jáde. Ó gbà láti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n orí òkìtì yìnyín ló kọ́kọ́ mú un lọ.

"Ẹni tí ò bá lè yí lórí òkìtì, kò lè yí láàárín igi. Má fara sẹ́yìn! Ọwọ́ síwájú! Verna, ṣé ẹsẹ̀ lo fi ń síkí ni àbí ìdí?"

"Ìdí ni. Òun ló fẹ̀ jù."

Ó ṣubú, ó dìde. Ó kọ́ bí a ṣe ń jẹ́ kí orúnkún tẹ̀ lórí òkìtì, kí ojú sì ti máa wo èyí tó ń bọ̀. Nígbà tí òtútù ọdún kejì máa fi dé, àwọn ọ̀dọ́ ń dúró wò ó. Síbẹ̀ Rollie ní ó kù díẹ̀.

"Kí ló kù?"

"Orúnkún ẹ ṣì le."

"Irọ́ lò ń pa, Rollie. Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?"

Rollie nu imú. "Ó dáa. Àmọ́ má sọ pé mi ò dá ẹ dúró o."

Wọ́n wọgbó. "Má wo igi," Rollie sọ fún un. "Ohun tó o bá ń wò lo máa kọlù. Ibi tó funfun láàárín wọn ni kó o máa wò." Verna wo funfun. Ó ń yí, ó ń kígbe "Hóò!", Rollie ń dáhùn. Igbó dákẹ́ yí wọn ká, ó dùn mọ́ ọn, ó sì wá yé e ohun tí Orrin ń wá kiri níbẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n bó ṣe ń yọ̀ lọ.

Rollie dúró nídìí igi ńlá kan. "Ibí ni."

Verna bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fọwọ́ kan èèpo igi náà. Ìgbà tó gbójú sókè, ó rí òpó pupa láàárín ẹ̀ka. Ọkùnrin kan dúró tì í, ó ń wúkọ́. Wọ́n ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ketekete.

"Rollie, ibẹ̀ yẹn ni mo dúró sí."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé inú igbó lọ́hùn-ún ni, níbi tí igbe mi ò ní dé."

"Mo mọ̀, Verna. Mo fẹ́ kó o máa rò bẹ́ẹ̀ ni."

Verna jókòó sínú yìnyín. Ó kọjú sí igi náà, ó kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀: "Hóò!"

Láàárín wa, ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ dáhùn. Rollie la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni Verna ń pè.