Àwọn Aago Tí Bàbá Mi Ń Yí Láràárọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì mọ aago kà rárá, mo ti mọ ìró aago. Ilé wa ní Ìkòròdú kò jìnnà sí etí ọ̀sà Ìpakodò, níbi tí bàbá mi ti ń ta pákó. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, á tẹ́ aṣọ funfun kan sórí ẹní, á kó àwọn aago ọwọ́ rẹ̀ jáde, á sì máa yí kókó kékeré tó wà létí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìró yíyí náà ló máa ń jí mi, kìrì, kìrì, kìrì, bí ìgbà tí eku ń jẹ àgbàdo gbígbẹ.

Ẹ má rò pé aago yẹpẹrẹ ni mo ń sọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Aago Súwísì ni gbogbo wọn, wúrà sì ni òmíràn nínú wọn. Bàbá mi kì í mutí, kò bìkítà fún mọ́tò, aago ni tirẹ̀. Bí wọ́n bá ti bí ọmọ kan fún un, á lọ bá bàbá alágo kan ní Ẹ̀pẹ́, á ra ọ̀kan fún ọmọ náà. Èyí tó rà fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wa, pẹlẹbẹ ni, torí pé nígbà náà, aago tó lè wọ abẹ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láìhàn ni àwọn ọkùnrin ń fẹ́. Nígbà tó fi máa kàn mí, ayé ti yí padà, àwọn tó ń ṣe aago ti mú ojú rẹ̀ fẹ̀, wọ́n ti fi déètì sí i. Ti àbúrò mi obìnrin, àbígbẹ̀yìn, ló rẹwà jù: ojú rẹ̀ dúdú, nọ́ńbà rẹ̀ funfun. Nígbà tí alágo mú irú èyí tó ń fi mímì ọwọ́ yí ara rẹ̀ wá, bàbá mi dá a padà. Ó ní, "Aago tó lè yí ara rẹ̀, kí ló fẹ́ fi bàbá ṣe?"

Ṣé ẹ rí i, bí ó bá ti ń yí aago ọmọ kan, orúkọ ọmọ náà ni yóò máa pè. Á ṣàdúrà fún un, á gbé aago náà sétí, á gbọ́ pé ó ń lọ, á wá ṣàmín. Orí ẹní mi ni mo ti máa ń gbọ́ orúkọ tèmi. Inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń díbọ́n bí ẹni tó ṣì ń sùn.

Àbúrò mi kò dàgbà. Ibà ló mú un lọ nígbà tó lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá wa àgbà ní Agbówà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a sin ín, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wo ohun tí bàbá mi máa fi aago olójú dúdú yẹn ṣe. Ó yí i. Ó pe orúkọ àbúrò mi, ó ṣàdúrà, ó gbé e sétí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ti mọ̀ pé aago yẹn kò gbọdọ̀ dúró.

Ẹ jẹ́ ká fo ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí tọmọdé tàgbà ń wo àkókò nínú rẹ̀, bàbá alágo ti kú, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ sì ti di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè. Bàbá mi náà ti darúgbó, làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò. Bí ó bá ń yí aago, ìrora á mú omi jáde lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè wò ó mọ́. Nígbà tí bàbá wa lọ kí ẹbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kó gbogbo aago náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní Ìgbògbò, ó ní kó yọ inú wọn, kó fi ti oníbátìrì sí i. Ó ní, "Ṣebí a ò fẹ́ kí ti àbúrò wa dúró? Bátìrì ò ní jẹ́ kó dúró." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí wa. Àṣé oore igún ni, èyí tó fi pá lórí.

Bàbá mi dé, ilẹ̀ mọ́, ó tẹ́ aṣọ rẹ̀. Ó mú aago ẹ̀gbọ́n mi, ó yí i, kókó náà kàn ń yí gbẹrẹfu. Ó mú tèmi, bákan náà. Ó mú èyí tó dúdú, ó gbé e sétí pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tó sùn sílé lọ́jọ́ náà torí àtirí ayọ̀ bàbá wa, bọ́ síta tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ sinmi, Bàbá. Bátìrì ló wà nínú gbogbo wọn báyìí. Ẹ ò ní jẹ̀rora mọ́."

Bàbá mi kò pariwo. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí ni kí n wá máa fi àárọ̀ ṣe?" Ó gbé aago náà kalẹ̀ sórí aṣọ funfun. "Inú wọn dà?"

Ẹ̀gbọ́n mi gun ọ̀kadà lọ sí Ìgbògbò bí ẹni tí iná ń lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Bàbá mi gbìyànjú láti máa pe orúkọ wa lásán, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ kò ti rí nǹkan ṣe, ẹnu rẹ̀ náà kò rí i sọ. Á bẹ̀rẹ̀, á dá a dúró lágbedeméjì. Nígbà tó yá, bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ti àbúrò mi ló sì kọ́kọ́ kú. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, bàbá mi ní kó fi í sílẹ̀. Ó ká aṣọ funfun náà lé wọn lórí, kò sì tú u mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ wá wo ayé lónìí. Àwọn tó ń ṣe aago ti padà sídìí èyí tí à ń fọwọ́ yí. Wọ́n ń fi gíláàsì sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí olówó lè máa wo bí inú rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, òmíràn sì wọ́n ju ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ra ọ̀kan. Láràárọ̀ ló ń yí i, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí tó fi máa yí i tán. Ó ń dùn mí fún un.

Ní tèmi, fóònù ló ń jí mi báyìí, kì í sì í tàsé. Bó bá dún, mo máa ń pa á, màá wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, màá di ojú mi, bí ẹni tó ṣì ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi mọ́.