Asẹ́ Tí Ẹ̀jẹ̀ Ọládipọ̀ Kọ̀

Ọjọ́rú tó kọjá la sin ọ̀rẹ́ mi, Abdulwaheed Ọládipọ̀, ní Fìdítì. Orí àga tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ n'Íbàdàn ló kú sí. Ìwé ọsíbítù ní kíndìnrín ló pa á. Irọ́ ni! Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó sójú kan.

Asẹ́ kan wà lára ẹ̀rọ yẹn, awọ tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Oríṣi méjì ni wọ́n ní, ti àtijọ́ àti tuntun, gbogbo awọ kọ́ ló sì bá gbogbo ẹ̀jẹ̀ mu. Ẹ̀jẹ̀ Ọládipọ̀ kò gba ti àtijọ́ rárá: ara á máa yún un, àyà á há, èémí á fẹ́ tán. Nọ́ọ̀sì Adéwùnmí rí i lẹ́ẹ̀mejì, ó fi bírò pupa kọ ọ́ sára káàdì rẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi asẹ́ àtijọ́ fún un mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé Adéwùnmí lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn.

Ẹ wá gbọ́ òfin wọn: ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gba asẹ́ tuntun, ẹni tó bá pẹ́ á gba àtijọ́. Aago ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹ̀jẹ̀. Ṣé ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ọsíbítù àti ẹni tó ń dúró kí mọ́tò Fìdítì kún lè jọ dé ni?

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ọládipọ̀ fi ṣiṣẹ́ omi ẹ̀rọ. Nígbà tí omi pupa, tí òùngbẹ ń gbẹ wá n'Ílọrà, ó ní òun ò ní ṣí i àfi tí asẹ́ bá mọ́. A bú u. Èmi gan-an bú u dáadáa. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọ asẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mọ́tò bàjẹ́ lọ́nà, òun ló dé kẹ́yìn. Fàòsíyà ìyàwó rẹ̀ na káàdì sí ọ̀gá ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀gá ò tiẹ̀ wò ó. Fàòsíyà fẹ́ pariwo, ọkọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Òṣìṣẹ́ ìjọba lèmi náà," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn." Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n fi asẹ́ àtijọ́ sí i, ó ti kú.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n bi opó náà? Àgbo wo ló fún ọkọ rẹ̀ mu! Obìnrin tí kò fún un ní nǹkan kan ju oògùn wọn lọ. Ní báyìí, ó ń bi mí ṣáá pé ṣé tí òun bá ti pariwo ni, ọkọ òun ì bá má kú.

Ọjọ́bọ̀ yìí, àwọn mìíràn láti Fìdítì àti Awẹ́ tún ń lọ. Ẹ̀yin aláṣẹ ọsíbítù, ẹ fagi lé òfin yẹn kí wọ́n tó dé. Ẹ gbé káàdì tó wà lọ́wọ́ yín jáde, ẹ dárúkọ ẹni tó kọ̀ láti kà á. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wọ mọ́tò wá sí Fìdítì, kí ẹ wo ojú Fàòsíyà, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe òun ló pa ọkọ rẹ̀.