Béárì tí Yéjídé Ò Fojú Rí

Kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó kọlu ìyá rẹ̀, inú igbó ni Yéjídé ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn olùwádìí yunifásítì kan ló ń tọ ipasẹ̀ béárì dúdú lórí àwọn òkè tó wà ní àríwá ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n á gún ẹranko náà lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n á so ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó wà hàn mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á sì jẹ́ kó máa lọ. Àwọn ará abúlé ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, torí wọ́n ń gbà wọ́n láàyè lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì máa ń pè bí béárì bá ti da garawa ìdọ̀tí wọn nù.

Ṣùgbọ́n ìyá ò lè rìn láìsí ọ̀pá mọ́, iyè rẹ̀ sì ń ra. Yéjídé kó padà sílé wọn ní àdúgbò Springfield Gardens ní ìlú New York, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Lékè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, wà ní Texas. "Ìwọ ni obìnrin," ló sọ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Christina, ọ̀gá àwọn olùwádìí náà, fún un níṣẹ́ tó lè ṣe nílé: kó máa wo ibi tí béárì kọ̀ọ̀kan ń lọ lórí kọ̀ǹpútà, kó sì máa pe àwọn onílẹ̀. Bàálù ń kọjá lórí òrùlé, béárì ń gun òkè lójú kọ̀ǹpútà, Yéjídé ní tirẹ̀ kì í lọ kọjá ṣọ́ọ̀bù olóògùn, eré ló sì fi ń padà.

Nígbà òtútù tó kọjá, abo kan tí Yéjídé fọwọ́ ara rẹ̀ so ẹ̀rọ mọ́ lọ gbẹ́ ihò tó máa fi sun òtútù já sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó Brenda, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ náà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé. Brenda ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé e. Ní oṣù kẹta ó pe Yéjídé.

"Mò ń gbọ́ ẹkún lábẹ́ pákó. Ó ti bímọ."

Christina náà pè. "Wá ní Sátidé. A fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ náà ṣe wúwo tó. Ìwọ ló yẹ kó gbé wọn."

Ìyá Doyin, ará ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, ní òun á dúró ti ìyá. "Lọ, ọmọ mi. Ṣé wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún ọ ni?"

Ní Sátidé, Yéjídé ń dúró de ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí àríwá ní ibùdókọ̀ Harlem nígbà tí Ìyá Doyin pè é.

"Yéjídé, mọ́mì rẹ ti tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n ní olè ni mí."

Ọkọ̀ náà dé, ó ṣílẹ̀kùn, ó tún tì í. Yéjídé ò wọ̀ ọ́, ó sọdá sí òdìkejì láti padà sílé.

Nígbà tó délé, ó kanlẹ̀kùn balùwẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn. Yéjídé ni mà."

"Irọ́ lò ń pa. Yéjídé ò sí nílé. Ó ti lọ wo béárì tó bímọ. Inú ẹ̀ dùn bó ṣe ń lọ, mo rí i. Má fi orúkọ ọmọ mi tàn mí."

Yéjídé jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Christina fi àwòrán ọmọ béárì mẹ́ta ránṣẹ́, Yéjídé dojú fóònù délẹ̀. Ọjọ́ ti yí kí ebi tó lé ìyá jáde.

"O ti dé? Àwọn béárì ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà, mà. Ọmọ mẹ́ta."

"O gbé wọn?"

Yéjídé wo Ìyá Doyin, Ìyá Doyin wo ilẹ̀.

"Mo gbé wọn, mà. Wọ́n gbóná. Wọ́n ń sunkún bí ọmọ ènìyàn."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní kó tún un sọ. Títí di òní ló ń ní kó tún un sọ. Ìyá Doyin ò tún fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti dúró tì í mọ́, Christina sì ti fi ẹlòmíì sí iṣẹ́ inú ihò béárì. Nígbà tí ilẹ̀ móoru, Yéjídé rí i lórí kọ̀ǹpútà pé abo náà ti ń gòkè lọ. Ó pe Brenda, ó ní kó máa jáde sẹ́yìn ilé rẹ̀ láìbẹ̀rù, pé béárì náà àtàwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ.