Ẹsẹ̀ Jẹ́nsinmi àti Oko Ìyá Àgbà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn òrí tí wọ́n ń yọ́ lórí sítóòfù gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi ní Àgọ́-Ìwòyè níbí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé mi ló ń yọ́ ọ. Ọ̀kadà ló gbá ajá rẹ̀. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún rí i lórí fóònù pé òrí dáa fún ibi tó bá wú, ló bá ń ṣe méjèèjì pọ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹnu yà mí gan-an. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé wa ká nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni ọmọ kékeré yìí ń dá ṣe, tó tún ń kọrin sí i.

Ìjẹ̀bú-Igbó là ń gbé nígbà náà, ní Òkè-Àgbò. Ìpínlẹ̀ Ògùn ò tíì dàgbà, yunifásítì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ni. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn Áńgílíkà, irú ẹni tó máa ń lọ aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ sùn. Ìyá mi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ìyá Àgbà, tí wọ́n bí bàbá mi, ní oko ẹ̀gẹ́ àti obì ní òdìkejì odò. Èmi ni wọ́n ń pè ní Oníbéèrè, nítorí mi ò lè rí nǹkan kí n máà bèèrè ìdí rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló ni Jẹ́nsinmi, abo ajá pupa kan tí ìrù rẹ̀ funfun lẹ́nu. Obìnrin kan wà nítòsí wa tí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kó tó wá ìjà, òun ni wọ́n sì tìtorí ẹ̀ sọ ajá náà lórúkọ. Bí obìnrin náà bá ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà á jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n á lọgun: “Jẹ́nsinmi! Jẹ́nsinmi o!” Ajá á sáré dé, á máa jùrù, obìnrin náà á sì wọlé lọ pẹ̀lú ìbínú.

Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Ìrù funfun yẹn ni wọ́n ń wò tẹ̀ lé lójú ọ̀nà oko. Bí ajá bá dúró, àwọn náà á dúró. Bàbá mi ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n fi oko sílẹ̀, èsì kan náà ni Ìyá Àgbà sì máa ń fún wọn: “Ṣé èmi nìkan ni mò ń lọ ni? Ṣe bí Jẹ́nsinmi ń bẹ níwájú mi.” Oko yẹn ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Nílé, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, oòrùn ò tíì mú rárá tí Ìyá Àgbà fi dé láti oko. Jẹ́nsinmi ló wà nínú agbọ̀n tí wọ́n fi ń ru ẹ̀gẹ́. Tàkúté onírin tí àwọn ọdẹ dẹ sílẹ̀ de ọ̀yà ló mú un lẹ́sẹ̀ iwájú. Eegun ti ṣẹ́, irin sì ti ya ẹran ara. Ìyá Àgbà jókòó tì í nílẹ̀. “Iwájú mi ló wà,” ni wọ́n ń sọ. “Ẹsẹ̀ mi ni ìbá bọ́ síbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni bàbá mi gbá mú. “Ìyá, ohun tí mo ti ń sọ fún yín nìyẹn. Bí ajá yìí ò bá lè rìn mọ́, oko parí.”

“Ó máa rìn,” ni Ìyá Àgbà dáhùn.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ Jẹ́nsinmi, oko Ìyá Àgbà ló ń wò.

Bàbá mi yá alùpùpù, wọ́n gbé ajá lọ sí ọ́fíìsì àgíríìkì, èmi sì jókòó sẹ́yìn, mo gbá a mọ́ra. Dókítà ẹranko ibẹ̀ jẹ́ obìnrin, ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé ni, ṣòkòtò ni wọ́n sì ń wọ̀, èyí tó jẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Àǹtí Dókítà là ń pè wọ́n. Wọ́n fọ ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sì gún ajá lábẹ́rẹ́. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ máa gbé e wá, a ò sì gbọ́dọ̀ fi ewé kankan kàn án. Bí ẹran ara bá lọ kú, àwọn á gé ẹsẹ̀ náà kí ajá má bàa kú. Bàbá mi, tí kì í gé ọ̀rọ̀ kúrú, tún gbogbo rẹ̀ sọ nílé. “Gé” nìkan ni Ìyá Àgbà gbọ́ níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ìyá Àgbà ti lọ mú bàbá kan tó ń to eegun wá láti àdúgbò Japara. Bàbá Japara rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, òórùn aáṣà ń bẹ lára wọn, wọ́n sì ní òfin tiwọn. “Bí abẹ́rẹ́ bá tún wọlé,” ni wọ́n wí, “èmi jáde.”

Bí wọ́n ṣe fi wá sáàárín nìyẹn: ẹni tó bá gba ọ̀kan ti kọ èkejì. Bàbá mi pariwo, Ìyá Àgbà pariwo ju tiwọn lọ. Ìyá mi gbé omi àdúrà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní ó kéré tán, ìyẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Kí a tó yíjú padà, Jẹ́nsinmi ti lá a tán. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé ẹni tó lajá ló ni yíyàn, Ìyá Àgbà sì yan Bàbá Japara.

Bàbá náà dijú, wọ́n fi ìka tọ eegun náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi òrí àti ewé pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n fi abala ọparun dì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè fún adìyẹ. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ náà níṣojú mi, mo sunkún, wọ́n sì tò ó bí wọ́n ṣe to ti ajá. Wọ́n ní bí adìyẹ bá rìn, ajá náà á rìn.

Mo nu ojú mi, mo bèèrè pé, “Bàbá, báwo ni adìyẹ á ṣe mọ ohun tó ń ṣe ajá?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Adìyẹ ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo fẹ́ mọ̀. Mi ò lè máa tú ajá wò lójoojúmọ́, adìyẹ ni màá máa tú wò.”

Ajá àti adìyẹ jọ dùbúlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ara wọn bí orogún. Bí mo bá ti jí, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń sáré lọ. Adìyẹ ló kọ́kọ́ dìde. Ìyá Àgbà jó yípo agbo ilé. Ṣùgbọ́n Jẹ́nsinmi ò dìde, òórùn mìíràn sì ti ń yọ lábẹ́ òórùn òrí.

Bàbá Japara wá, wọ́n tú ìdì náà, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. “Ìyá, eegun ń so. Ẹran ló kú. Uṣẹ́ mi ò dé ibi ẹran. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá ọlọ́ọ̀bẹ.”

Ìyá Àgbà ò bá wọn jiyàn. Wọ́n mọ ohun tí ọ̀bẹ fẹ́ gé. Àwọn fúnra wọn ló gbé ajá náà, Bàbá Japara sì tẹ̀ lé wa. Mo rò pé Àǹtí Dókítà máa fi ìbínú lé wa ni, ṣùgbọ́n wọ́n kàn dijú, wọ́n fi ìka tọ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fà mí lọ́wọ́. “Fọwọ́ kàn án. Ibi tó tutù yìí ti lọ. Ibi tó gbóná la máa gbà sílẹ̀.” Bàbá Japara mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, Àǹtí Dókítà ní kí Bàbá Japara ṣàlàyé ọ̀rọ̀ adìyẹ fún àwọn, àwọn méjèèjì sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fọwọ́ júwe eegun nínú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá ti jọ jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ náà ìbá kù? Mo ti bi oríṣiríṣi dókítà. Àwọn kan ní ó ṣeé ṣe, àwọn mìíràn fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń bèèrè.

Jẹ́nsinmi padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Àgbà fọ agbọ̀n oko wọn, wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa adìyẹ yẹn jẹ, wọ́n ní ó ti jìyà tó nílé wa. Wọ́n wá ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, wọn ò béèrè oúnjẹ, wọn ò sì bá obìnrin ìtòsí wa jà. Ó dun èmi. Bàbá mi náà kò gbádùn àre tí wọ́n jẹ.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ọyẹ́ mú. Jẹ́nsinmi dìde, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta ta kọ́ńkọ́ńkọ́ dé ẹnu ọ̀nà oko, ó dúró, ó wẹ̀yìn. Ìyá Àgbà wò ó títí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé agbọ̀n wọn, wọ́n jáde.

Bàbá mi sáré bọ́ síta. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́! Ajá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ fẹ́ tẹ̀ lé wọgbó?”

Ìyá Àgbà ò dúró. “Ó sàn ju ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kì í bá mi lọ.”

Bàbá mi padà wọlé. Nígbà tí wọ́n máa jáde, wọ́n ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò ìyá mi, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Ajá ló ṣáájú, Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e, bàbá mi tẹ̀ lé wọn, èmi ni mo kẹ́yìn. Gbogbo Sátidé ni bàbá mi ń lọ títí Ìyá Àgbà fi papò dà.

Ilé ti bo oko náà báyìí. Ọmọ Bàbá Japara ló ń to eegun, bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò eegun wá ní ọsibítù. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń jà lórí oògùn, mo máa ń wojú wọn láti mọ ẹni tẹ́rù ń bà nínú wọn. Ohun tó ba Ìyá Àgbà lẹ́rù ni pé àwọn nìkan ni yóò máa jókòó sílé dọjọ́ ikú. Bàbá Japara ò ní ewé ẹ̀rù yẹn, Àǹtí Dókítà ò ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ló wò ó sàn, pẹ̀lú bàtà òjò obìnrin lẹ́sẹ̀.