Wòlímọ̀ Ìyá Mi ní Erékùṣù

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Kí n tó bínú sí ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè lísáǹsì ní yunifásítì nígbà náà, iṣẹ́ kò sí, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní Niamey sì fi mí ṣe akọ̀wé nítorí Faransé mi. Alága ní kí n kọ̀wé pe dépítè kan, aṣòfin tó tún fẹ́ wọlé, síbi wòlímọ̀ wa, bóyá ìjọba á bá wa tún ilé kéú kọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa. Orí mi wú sí i.

Erékùṣù kékeré kan ló wà láàárín odò, níbi tí àáfáà kan láti Ìlọrin ti kọ́kọ́ kó ọmọ àwọn oníṣòwò Yorùbá jọ láti kọ́ wọn ní Kùránì. Ìdílé mẹ́rin péré ló kù níbẹ̀. Àwa yòókù ti kó lọ sí àdúgbò Lazaret àti Banifandou nínú ìlú. Kí erékùṣù náà má baà di igbó ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó wọ ọkọ̀ kọjá, a ó fi amọ̀ tuntun rẹ́ ògiri mọ́ṣáláṣí, a ó dáná, ẹni tó bá parí Kùránì lọ́dún náà á sì kà níbẹ̀ lójú gbogbo wa. Ẹni tí kò bá kà á ní erékùṣù, a kì í sọ pé ó ti ṣe wòlímọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìyá mi wà lára wọn. Aṣọ ló ń tà. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ, tòun ti wàláà tó ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, a sì máa fà á yọ bí oníbàárà bá ti kọjá.

"Ìyàwó wòlímọ̀!" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Àwọn ọmọdé tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń bímọ o."

"Kí wọ́n máa bí i. Èmi bí tèmi kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ohun tó bá dára jù ni mo máa ń rò pé ó máa bàjẹ́.

Àwọn ọmọdé kà tán. Ó kan ìyá mi, àgbà wọn. Ó jókòó sórí ẹní, ó di máìkì mú bí ẹni di ẹyin mú, ó bẹ̀rẹ̀ Yáásín. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dúró ṣinṣin. Kò tíì lọ jìnnà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́ta fi gúnlẹ̀ pẹ̀lú ariwo orin ẹgbẹ́ òṣèlú. Alága sáré wá, ó sì gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dúró ná. Àlejò ti dé."

Ta ni í pa Kùránì mọ́ èèyàn lẹ́nu nítorí ìbò? Inú bí mi gan-an. Ojú sì tì mí, nítorí lẹ́tà mi ló gbé wọn wá. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, títí di òní.

Dépítè sọ̀rọ̀ ní èdè Zarma, ó tún un sọ ní Faransé. Kò bèèrè àáfáà tó dá ibẹ̀ sílẹ̀. Kò wo ilé kéú. Wọ́n pín aṣọ tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí, àwọn èèyàn wa sì ń ti ara wọn. Nígbà tó ń lọ, alága kéde pé àyè wà nínú ọkọ̀ dépítè, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n rọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ ìyá mi náà lọ, aṣọ ọ̀hún ní èjìká.

Ìyá mi ṣì wà lórí ẹní.

"Ìyá, a ó ṣe tiyín ní Banifandou lọ́jọ́ Jímọ̀," ni alága wí. "Ibẹ̀ tiẹ̀ ní fáànù."

"Ṣé Banifandou ni wọ́n ti kọ́ bàbá mi ní Kùránì?"

Mo ní, "Alága, ẹ̀yin lẹ dá ìyá mi dúró."

"Akọ̀wé, má fi ìbínú ọmọdé ba ohun tí àgbà ń tò jẹ́. Ṣé ìwọ kọ́ lo kọ̀wé pe àlejò ni? Wọ ọkọ̀, a ń lọ."

Ó dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni. Mo jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Àáfáà àgbà tó ń darí wòlímọ̀ náà wo ọkọ̀, ó wò wá, ó bọ́ bàtà, òun náà jókòó.

"Ẹ mú un láti ìbẹ̀rẹ̀," ló sọ fún ìyá mi.

Ó bẹ̀rẹ̀, láìsí máìkì. Alága ti gbé e lọ. Àwọn ìdílé mẹ́rin náà jáde wá. Alága ń pariwo létí omi pé ọkọ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ìyá mi kà á dé òpin. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, àáfáà tọ́ ọ sọ́nà, a ṣe àmín.

Apẹja kan ló tù wá kọjá nírọ̀lẹ́. Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín sí omi. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò tẹ́ èmi lọ́rùn. Ó yẹ kí gbogbo wọn gbọ́ ohùn yẹn, wọ́n sì lọ wọ ọkọ̀ ọ̀fẹ́.