Agboòrùn Inú Ọyẹ́

Àárọ̀ Sátidé ni, ní àsìkò tí a ń ṣa kajú. Mo ń to àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára mi, mo fẹ́ lọ gún àwọn ọmọ abúlé kejì. Ọkọ mi, Bàbá Ṣọlá, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ìgò kékeré kan wà tí àwa tí a ń gún ọmọdé kì í jáde láìmú dání, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́. Adirẹnalíìnì ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e kiri, n kò sì lò ó rí. Bàbá Ṣọlá ní agboòrùn inú ọyẹ́ ni mò ń rù. Kí n tó dá a lóhùn, ìbọn dún.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá, inú fíìmù ni ẹ ti mọ ìró ìbọn. Èyí tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà, àyà mi ni ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọ̀kadà ni àwọn agbébọn náà gùn wọ abúlé wa, ẹni mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbé àpótí mi, mo sì fo ọgbà ewúrẹ́, èmi tí mo ti ń fi ìpara pa orúnkún láti ọdún mélòó kan.

Tíṣà ni Bàbá Ṣọlá kó tó fẹ̀yìn tì, ìtàn ogun Núpé kò sì tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun ni ó kó àwa àti àwọn aládùúgbò pẹ̀lú ọmọ wọn lọ sí àpáta tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà náà. Wọ́n ní oyin inú àpáta yẹn ni ó lé ọ̀tá sọ̀kalẹ̀, pé kì í ta ọmọ onílẹ̀. Gbogbo wa ni a gbọ́ ọ dàgbà, gbogbo wa ni a sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo rí oyin tí ó ń wọlé tí ó ń jáde lẹ́nu ihò àpáta náà, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

“Ẹ wọlé,” Bàbá Ṣọlá sọ. “Wọ́n mọ̀ wá.”

Ó ti ẹ̀ka igi tí ó dí ẹnu ihò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oyin tú jáde. Ó dúró, ó ń fi fìlà lé wọn kúrò lára àwọn ọmọ títí àwa yòókù fi sá yí sí ẹ̀yìn àpáta. Nígbà tí ó fi bá wa, ètè rẹ̀ ti wú, gbogbo ara rẹ̀ ti lé, èémí rẹ̀ sì ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Nísàlẹ̀, ìbọn ṣì ń dún.

Ìyá Ìbùkún, aládùúgbò wa, di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ bò ó lẹ́nu, Ìyá Ṣọlá. Wọ́n á gbọ́ wa.”

“Bí mo bá bò ó lẹ́nu, ó kú nìyẹn.”

Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí. Mo fi etí ìró mi ṣẹ́ ọrùn ìgò adirẹnalíìnì náà, mo fa ìdajì rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, mo sì gún un ní itan láti orí ṣòkòtò. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, èémí náà ṣì ń han. Ìdajì yòókù ni mo gún un, kò sì sí òmíràn mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbàdúrà, n kò rántí ohun tí mo sọ.

Díẹ̀díẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Ẹ̀rù ń bà mí,” ó sọ. “Àyà mi ń lù kì-kì-kì.”

Mo ṣàlàyé sí i létí pé oògùn náà ni. Ara wa fúnra rẹ̀ ni ó máa ń ṣe é nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Òun ni ó gbé mi fo ọgbà ewúrẹ́. Èyí tí ara tirẹ̀ ṣe kò tó, ni mo ṣe fi kún un. “Ẹ jẹ́ kí ó máa bà yín,” ni mo wí.

Èso kajú ni a fi pa òùngbẹ. Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ìbọn dákẹ́. Ewúrẹ́ kan kò ké, ẹyẹ kò ké. Èémí ọkọ mi nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń wọlé, ó ń jáde, kò han mọ́. Ayọ̀ mú mi, mo sunkún.

Àwọn fijilanté ni ó gbé wa sọ̀kalẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ní Kàbà, wọ́n dá Bàbá Ṣọlá dúró di ọjọ́ kejì, nítorí oró oyin lè tún padà. Ilé mẹ́rin jóná lábúlé. Àwọn méjì tí àwọn agbébọn jí gbé lọ padà wálé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bàbá Ṣọlá ṣì ń sọ ìtàn ogun Núpé fún àwọn ọmọ-ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ó ti fi kún un báyìí pé oyin kì í béèrè orúkọ bàbá ẹni kí ó tó tani. Láàárọ̀ tí mo bá sì ń lọ gún àwọn ọmọ, òun ni ó ń ṣí àpótí mi wò.

“Agboòrùn wà níbẹ̀,” ni yóò wí, yóò sì pa á dé.