Ọjọ́ Tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ Dùbúlẹ̀ Sórí Tábìlì Ara Rẹ̀

Yàrá tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ kò tóbi. Tábìlì gbọọrọ kan ló wà láàárín rẹ̀, tí wọ́n fi fóòmù àti awọ bò, tí wọ́n sì gbẹ́ ihò róbótó sí lápá orí, níbi tí ẹni tó bá dojú bolẹ̀ yóò gbé ojú sí kó lè rí èémí mí. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì náà, aṣọ ìnura tí a ká léra wọn bí ìwé, ìgò òróró mẹ́ta, àti fèrèsé kan tó ní kọ́tìnì funfun. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, kọ́tìnì náà a wú, a sì rọ̀, a tún wú, a tún rọ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ pé yàrá yẹn ni oorun ti padà wá bá àwọn.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà o, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù tó rántí rẹ̀, òun náà kì í sì í pè é. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń wọ́ ara fún àwọn ènìyàn.

Kì í kánjú. Yóò da òróró sí àtẹ́lẹwọ́, yóò fi ọwọ́ kejì bò ó títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ó ní òróró tútù máa ń dẹ́rù ba ẹran ara. Yóò wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ẹni náà, kò sì ní ṣe ohunkóhun. Yóò máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Yóò máa bá a mí. Ìgbà tí èémí àwọn méjèèjì bá di ọ̀kan, ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò tó ṣí, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n rọra tú okùn rẹ̀ kúrò létí odò.

Tíṣà kan wà tó máa ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọrùn rẹ̀ a le bí igi nítorí ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń tẹrí ba lé lórí. Orí fífọ́ rẹ̀ kò lọ pátápátá, àmọ́ ó ti kúrò ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀kan. Akólẹ́tà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì. Èjìká tó fi gbé àpò lẹ́tà fún ọgbọ̀n ọdún ti sọ̀ kalẹ̀ ju èkejì lọ, ó sì máa ń sọ pé bí wọ́n bá wọ́ òun tán, ó dà bíi pé gbogbo lẹ́tà inú àpò náà ti dé ọwọ́ ẹni tó ni wọ́n. Opó kan wà pẹ̀lú. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí ibi kankan tó ń dun òun, kìkì pé láti ọdún méjì, àfi ẹni tó bá ń fún òun ní ṣéńjì ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan tòun. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kò bi í ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ́ fún un. Opó náà sunkún díẹ̀ sínú ihò tábìlì, ó sùn lọ, nígbà tó sì jí, ó ní ọkàn òun fúyẹ́ bí aṣọ tó gbẹ lórí okùn.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ kì í tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó mọ ohun tí ọwọ́ lè ṣe, ó mọ ohun tí kò lè ṣe. Nígbà tí akólẹ́tà wá lọ́jọ́ kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, tó sì gbóná, obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Akólẹ́tà bínú, ó ní wọ́n ń lé òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló padà wá dúpẹ́: ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan, wọ́n sì sọ fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá ti wọ́ ọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ.

Ẹni tó mọ ara ẹlòmíràn báyìí, tirẹ̀ ni kò mọ̀.

Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dà bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó gbọn ọwọ́, èèrà náà lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí èèrà mọ́, kò sí ohunkóhun mọ́: àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ti kú tipiri. Ìka wọ̀nyẹn sì ni ojú tó fi ń ríran lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ló fi ń wá kókó tó sá pamọ́ sábẹ́ palaba èjìká. Bí ìka bá fọ́jú, kí ni yóò máa fi ṣiṣẹ́? Ó pa á mọ́ra. Ó ń fi ọwọ́ òsì wá kókó, ó ń fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni tíṣà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti inú ihò tábìlì pé, "Mà, ẹ ti kọjá ibẹ̀." Láti ọdún méjìlélógún, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Ọkùnrin tó ga tó sì sígbọnlẹ̀ ni, ìyẹ̀fun kì í tán ní irùngbọ̀n rẹ̀. Òun ló rí i pé ìyàwó òun kò lè fún omi kúrò lára aṣọ ìnura mọ́. Ó gba aṣọ náà, ó fún un, ó sá a. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti múra, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró láti sìn ín lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka ti há sí ọrùn ọwọ́, pé láti ọrùn títí dé ìgúnpá, gbogbo rẹ̀ ti le bí okùn tí wọ́n fà jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Kó máa di ọrùn ọwọ́ náà bó bá fẹ́ sùn. Kó wá ẹni tí yóò máa rọra wọ́ apá àti èjìká rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, wọn yóò là á. Bí wọ́n bá sì là á, kò sẹ́ni tó lè búra pé ọwọ́ náà yóò padà sí bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà ni dókítà bi í pé ta ló ti ń wọ́ ọ lára látẹ̀yìnwá. Kò sí, ó ní. Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dókítà wò ó bí a ṣe ń wo télọ̀ tó wọ àkísà. "Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, mà, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

Ó nídìí. Màmá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fún un ní òfin mẹ́ta péré. Gé èékánná rẹ. Má gbé ọ̀rọ̀ inú yàrá jáde sí títì. Ọjọ́ tí o bá ṣiṣẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ, nítorí ara tó ti ń fúnni láti àárọ̀ kì í lè gbà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ di òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú ṣinṣin. Ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n délé, ọkọ rẹ̀ ní òun yóò máa wọ́ apá náà.

"Èmi kì í ṣe ìyẹ̀fun o, Baba wọn."

"Mo mọ̀. Ìyẹ̀fun kì í jiyàn."

Síbẹ̀, kò gbà. Ó ní iṣẹ́ ọdún méjìlélógún ṣì wà lára òun, pé kò tíì tó àkókò láti gbà. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sí yàrá tí kò sí iṣẹ́ nínú rẹ̀, ó ń wo kọ́tìnì tó ń mí. Lọ́jọ́ kẹrin ó mú ọ̀nà ilé màmá náà pọ̀n, láti lọ bèèrè ohun tó yẹ kó ti bèèrè tipẹ́.

Màmá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá a lẹ́nu. Ó wá bi í pé, "Ọjọ́ wo lo fi ń sinmi?"

"Mi ò ní, Màmá."

Màmá náà fi ọwọ́ lu ọwọ́. "Tìtorí kó o lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ ni mo ṣe fún ọ lófin yẹn. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí o kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, tí wọn yóò wọ́ ìwọ náà. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé o mọ̀ ni." Ó fa àtàǹpàkò tó kú náà mọ́ra, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. "Ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Máa lọ sílé."

Lójú ọ̀nà, ẹ̀rín ń pa á, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pa òfin mọ́ tán, ìdí òfin ló gbàgbé láti bèèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló dùbúlẹ̀ sórí tábìlì ara rẹ̀, ó sì gbé ojú sínú ihò. Ilẹ̀ ló rí. Kò mọ̀ pé ilẹ̀ yàrá òun rẹwà bẹ́ẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti sán níbì kan, ó pín sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí odò tí a wò láti òkè, ibi tó ti máa ń dúró ṣiṣẹ́ sì ti dán bí èbúté. Ohun tí gbogbo wọn ti ń wò nìyí, tíṣà, akólẹ́tà, opó, láti ọdún wọ̀nyí wá.

Ọkọ rẹ̀ fọ ọwọ́, ó da òróró sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ tì í síwájú, ó ń ká a padà, bí ẹni tó ń po búrẹ́dì. Obìnrin náà kò lè gbẹ́nu dákẹ́. Ẹ rọra. Ẹ má tẹ egungun. Ẹ lọ sókè díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn kọ́.

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. "Ìyá wọn, ta ló ń wọ́ ta?"

Ó gbé ojú padà sínú ihò.

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e, ó kàn ń dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń ṣe búrẹ́dì ló ti mọ̀ pé ohun tó ń wú kì í gba ìkánjú. Ọwọ́ náà wúwo, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí òòrùn àárọ̀ lára ògiri. Nígbà tó tún ṣí, ó ṣí díẹ̀díẹ̀, láti ọrùn sí èjìká, láti èjìká sí apá. Ó dà bí ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, tí ẹnì kan ń ṣí wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìkanlẹ̀kùn. Nínú yàrá kan, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà, omi ń ṣàn lé e léjìká. Nínú èkejì, kò sí nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ nìkan. Odò ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó wo omi náà títí, òun náà bá a lọ.

Nígbà tó jí, òòrùn ti kúrò lójú fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó ní òun ń bẹ̀rù pé bí òun bá gbé e kúrò, yóò jí. Ẹsẹ̀ òun méjèèjì, ó ní, ti kú láti wákàtí kan sẹ́yìn.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn. Ọwọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ padà. Oorun ló kọ́kọ́ padà, oorun tó jìn tí kò ní àlá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbínú kéékèèké tó máa ń jókòó sẹ́yìn eyín rẹ̀ lọ, tí kò sì mọ ìgbà tó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, èèrà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú àtàǹpàkò. Inú rẹ̀ dùn sí wọn bí ẹni pé àlejò ló dé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, dókítà ní kó pajú dé. Ó mú òwú tín-ín-rín, ó ń fi kàn án níka, kó máa sọ ibi tó wà. Ìka tó gùn jù, ó gbọ́ ọ. Ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, ó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dúró. Ó rọra mí, bó ṣe máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ mí. Ní ọ̀nà jíjìn réré, bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò, ohun kan kàn án.

"Àtàǹpàkò," ó ní. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ìka kejì ń wò."

Dókítà gbé òwú náà sílẹ̀. Wọn kò ní là á. Ṣùgbọ́n kò ní máa wọ́ ẹni mẹ́jọ lóòjọ́ mọ́, mẹ́ta ni, kó sì máa fi apá ṣe èyí tó le nínú iṣẹ́ náà dípò ìka. Bí kò bá ní ọjọ́ ìsinmi, yóò padà wá bá àwọn níbí. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní òun ti ní ọjọ́ kan.

Ó kọ ọ́ sára ìwé líle, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn: kò sí iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, tíṣà gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ti gbàgbé. Ọkọ ló ṣílẹ̀kùn fún un, òróró dé ìgúnpá rẹ̀, ó fi ìka kan dí ẹnu ara rẹ̀. Tíṣà wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ méjì lórí tábìlì, wọ́n là sọ́tùn-ún sósì bí ìwé tí ẹni tó ń kà á ti sùn lọ. Ó bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé e dání, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí àtẹ̀gùn má baà dún.